Bí A Ṣe Ń Yan Orúkọ Tẹlifíṣọ̀n Pẹlẹbẹ Tí Yóò Bá Ilé Ẹni Mu

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan gbé tẹlifíṣọ̀n 43 ínṣì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá péré ni ó ti lò ó. Ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ti ilẹ̀kùn, mo pa iná, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo sì gbé e sún mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n náà títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kàn án. Àwòrán wà níbẹ̀. Akọròyìn ń ka ìròyìn, ó rí bàìbàì bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Gbogbo ohun tó kú kò ju báàkìláìtì lọ, ìyẹn àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sẹ́yìn ojú tẹlifíṣọ̀n láti máa tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn orúkọ ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ ní ìlú yìí ni, ǹ bá rí irú rẹ̀ rà láàárín ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ orúkọ tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n ìyá yìí rí títí di ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá báàkìláìtì rẹ̀ láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn, n kò rí èyí tó bá a mu ní gígùn àti ní iye gílóòbù.

Nígbà tí ìyá náà wá gbé òkú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ, ó bi mí pé, “Ọmọ mi, èwo wá ni kí n rà?” Ìdáhùn tí mo fún un ni mo kọ síhìn-ín, pẹ̀lú àwọn nǹkan tí n kò ráyè sọ lọ́jọ́ náà. Èrò mi kò fara sin: orúkọ tó dára fún ẹni tó ń gbé ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà ni orúkọ tí ara rẹ̀ gba irú iná tó ń wọ ilé yín, tí ẹnì kan sì wà nítòsí tó lè jí i dìde nígbà tí ó bá kú. Gbogbo ìyókù, títí kan bí àwòrán rẹ̀ ṣe ń dán, ẹ̀yìn èyí ni ó wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ilé kí ẹ tó wo ọjà

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ mú téèpù tí àwọn kápẹ́ńtà fi ń wọn igi, kí ẹ wọn àyè tí tẹlifíṣọ̀n náà yóò wà. Iye ínṣì tí àwọn olùtajà ń pè kì í ṣe ìbú rẹ̀. Láti igun òkè ní apá kan dé igun ìsàlẹ̀ ní apá kejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ínṣì kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Nítorí náà, ojú tẹlifíṣọ̀n 32 ínṣì fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 71 láti ọ̀tún sí òsì, ti 43 ínṣì tó 95, ti 55 ínṣì sì tó 122, láìka férémù tó yí i ká. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ìrẹmọ àti ní Modákẹ́kẹ́, dífáídà onígi tí kápẹ́ńtà kàn nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì sanra ni ó ṣì wà nínú pálọ̀, ihò àárín rẹ̀ kì í sì í sábà gba ohun tó ju 32 ínṣì lọ. Bí ó bá jẹ́ orí tábìlì ni ẹ fẹ́ gbé e lé, ẹ rántí pé ẹsẹ̀ méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún àti òsì ni ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí fi ń dúró, tábìlì kékeré kò sì ní gbà wọ́n.

Ẹ wọn bí àga ṣe jìnnà sí ògiri pẹ̀lú. Fún ẹni tó jókòó sí nǹkan bíi mítà méjì, 43 ínṣì tó láti wo bọ́ọ̀lù láìfún ojú pọ̀.

Iná ló kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti bẹ̀rẹ̀. Fóltéèjì tó yẹ kó wọ ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230. Ẹ bẹ oníná kan kí ó fi mítà rẹ̀ wọn ti ilé yín ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná. Mo ti wọ̀n ọ́n ní ilé kan ní Parákin tí ó jẹ́ 165 ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì di 255 nígbà tí ilẹ̀ ṣú tán tí àwọn ènìyàn ti sùn. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n kọ “100–240V” sí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí iná bá wálẹ̀, nígbà tí èyí tí wọ́n kọ “220–240V” sí yóò máa kú, tí yóò máa jí. Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì tó láàbò lọ́wọ́ iná tó kọjá 240. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí owó TV guard tàbí stabilizer wà nínú owó tẹlifíṣọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ ohun tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lóṣù tó ń bọ̀. TV guard tó dára máa ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá dé kí ó tó jẹ́ kí iná kọjá, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn sì ni iná tó kọ́kọ́ ń dé pẹ̀lú agbára máa fi ń rọlẹ̀.

Ẹni tó bá ń lo inverter tàbí sólà ní láti wo iye wáàtì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú. Tẹlifíṣọ̀n tó ń lo wáàtì 100 yóò jẹ yúníìtì iná kan tí ẹ bá fi wò ó fún wákàtí mẹ́wàá. Láàárín tẹlifíṣọ̀n méjì tí ínṣì wọn dọ́gba, ọ̀kan lè lo wáàtì tó pọ̀ ju èkejì lọ dáadáa, nítorí náà ẹ kà á, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ẹni tó wà lẹ́yìn orúkọ

Àwọn àgbà wa fẹ́ràn láti máa sọ pé, “Irú èyí tí bàbá mi lò fún ogún ọdún ni mo fẹ́.” Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn títí di nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tẹlifíṣọ̀n onígbá ńlá, èyí tó sanra, ni a ń wò, àwọn kan nínú wọn sì lágbára bí irin. Ṣùgbọ́n okìkí tí orúkọ kan ní lórí tẹlifíṣọ̀n onígbá kò ràn mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, pàápàá níbi tí orúkọ náà ti yí ọwọ́ padà. Hisense ti ilẹ̀ Ṣáínà ra iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Toshiba ní ọdún 2018. Ilé-iṣẹ́ Foxconn ti Táíwàn gba Sharp ní ọdún 2016. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ: ẹni tó bá ń ra orúkọ ilẹ̀ Japan nítorí ìrántí bàbá rẹ̀ lè máa ra iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn láìmọ̀. N kò sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn náà burú o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a wo tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú wa, kí a má wo èyí tó ti wọ inú ìtàn.

Gíláàsì ojú rẹ̀ pàápàá, kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe tirẹ̀. Samsung ti Gúúsù Kòríà ni ó ti ń ta tẹlifíṣọ̀n jù lọ lágbàáyé láti ọdún 2006, síbẹ̀ ní ọdún 2022 ni wọ́n dáwọ́ dúró láti máa ṣe ojú LCD (irú ojú tó nílò báàkìláìtì lẹ́yìn rẹ̀) fúnra wọn, tí wọ́n wá ń rà á lọ́wọ́ àwọn mìíràn. TCL ti Ṣáínà ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ojú fún un àti fún àwọn ẹlòmíràn. LG ti Gúúsù Kòríà ń ṣe ojú OLED (irú tí kò ní báàkìláìtì), Sony ti Japan sì wà lára àwọn tó ń rà á. Nígbà tí mo bá tú tẹlifíṣọ̀n méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀, tí mo sì rí i pé ojú kan náà ló wà nínú wọn, ohun tí mo máa ń wò láti mọ èyí tó sàn ni bọ́ọ̀dù iná rẹ̀ (pátákó inú rẹ̀ tó ń gba iná tó ń wọlé) àti bí wọ́n ṣe ṣọ́ra tó nígbà tí wọ́n ń tò ó.

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ọ̀pọ̀ wa ní Ifẹ̀ ṣì ń pe gbogbo tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ní “plasma”, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ṣíwọ́ ṣíṣe plasma. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí lábẹ́ orúkọ LED jẹ́ LCD tó ní báàkìláìtì, QLED náà jẹ́ LCD tó ní báàkìláìtì, tí àwọ̀ rẹ̀ kàn jinlẹ̀ sí i. OLED nìkan ni kò ní báàkìláìtì rárá, nítorí pé ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, ìyẹn àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán, ló ń tan iná ara rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ rẹwà gidigidi, ṣùgbọ́n ó wọ́n, àmì ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bá sì dúró lójú kan láti àárọ̀ dé alẹ́ lè fi àpá sí ojú rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti máa ń ṣí ìròyìn kalẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ kò nílò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun sì ni mo kà sí jù. Kí ẹ tó wọ ilé ìtajà, ẹ ya ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tí wọ́n ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, ì báà jẹ́ ní Lágéré, ní Sábó, tàbí ní àyíká ọjà Atákúnmọ́sà bí ó bá jẹ́ Iléṣà ni ẹ wà. Ẹ má béèrè pé, “Èwo ló dára jù?” nítorí pé oníkálùkù ni yóò dárúkọ èyí tó wà nínú ilé tirẹ̀. Ẹ dárúkọ tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta tó wà lọ́kàn yín, kí ẹ béèrè báyìí: bí báàkìláìtì rẹ̀ bá kú, ṣé ẹ máa ń rí i rà? Bọ́ọ̀dù iná rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ni ó máa ń gbà? Èló ni ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ tún tirẹ̀ ṣe kẹ́yìn? Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò ní rò ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì ń wo ojú ara wọn nígbà tí ẹ dárúkọ kan, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Bí ẹ bá rí orúkọ kan tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òkú tẹlifíṣọ̀n tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má yára sọ pé òun ló burú jù. Orúkọ tí wọ́n bá ń tà jù ní ìlú ni yóò pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀nà tí ọkọ̀ pọ̀ sí ṣe ń gbọ́ ìró fèrè jù. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni kí ẹ béèrè: ṣé ọdún méjì ni ó lò kí ó tó kú ni, àbí ọdún méje?

Ojú tó fọ́ ni a kì í tún ṣe. Owó ojú tuntun máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tẹlifíṣọ̀n tuntun fúnra rẹ̀, orúkọ yòówù kó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pinnu bóyá ẹ nílò èyí tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá máa wo YouTube tàbí Netflix lórí rẹ̀, ètò tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń lò ṣe pàtàkì: webOS ni LG ń lò, Tizen ni ti Samsung, VIDAA ni ti ọ̀pọ̀ Hisense, Sony àti TCL sì ń lo Google TV. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn tó ni Netflix àti YouTube fọwọ́ sí. Àwọn orúkọ kan wà tí wọ́n kàn kó Android lásán sínú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n kọ “smart” sí ara páálí; láàárín ọdún kan, YouTube inú rẹ̀ lè ṣíwọ́ ṣíṣí. Ẹ sì ṣírò owó dátà. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé fíìmù tó mọ́ ketekete lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, èyí tó jẹ́ 4K, tó tún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, sì lè jẹ tó 7GB. Ẹni tó jẹ́ pé dekóda nìkan ni yóò máa wò kò ní nǹkan kan tí yóò fi èyí ṣe. Kí ó ra tẹlifíṣọ̀n lásán tí orúkọ rẹ̀ lágbára, kí ó sì fi owó tó kù ra stabilizer.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Tòkunbọ̀ àbí tuntun

Iná ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ fóltéèjì 120, ti Japan jẹ́ 100. Tẹlifíṣọ̀n Tòkunbọ̀ tí wọ́n kọ “110–120V” sí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú kan iná wa láìsí ẹ̀rọ tó ń rẹ fóltéèjì sílẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ bá tàn án ni bọ́ọ̀dù iná rẹ̀ yóò jó. Nọ́ńbà móúdẹ̀lì rẹ̀ tún máa ń tú àṣírí: Samsung tó bá fi UN bẹ̀rẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, UE jẹ́ ti Yúróòpù, UA sì wà fún ilẹ̀ wa àti àwọn ilẹ̀ Éṣíà. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé àwọn lẹ́tà yìí ni iye ínṣì. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé 50 ni, tí móúdẹ̀lì rẹ̀ sì ní 43 nínú, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níwájú ẹni tó ń tà á

Ẹ mú fláàṣì kékeré kan lọ tí ẹ ti kó àwòrán márùn-ún sí: dúdú lásán, funfun lásán, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, pẹ̀lú fídíò kan tí ẹ fi fóònù yín yà nínú ilé. Fídíò tí wọ́n ń fi sí i ní ṣọ́ọ̀bù, tí òdòdó ń tanná tí omi sì ń ṣàn, ni wọ́n ṣe kí ojú èyíkéyìí lè dára nínú rẹ̀. Ojú ọmọ yín nínú pálọ̀ yín ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń fi àwọ̀ ara ènìyàn hàn bí ó ṣe rí. Lórí àwòrán funfun, ẹ wá ẹ̀kán dúdú tó kéré bí ẹyin iná orí. Lórí dúdú, ẹ wá ẹ̀kán tó ń tàn, kí ẹ sì wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ìmọ́lẹ̀ ń jò níbẹ̀. Ẹ lọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọmọdé tó jókòó sórí ẹní. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan wà tí àwọ̀ wọn máa ń ṣá lójú ẹni tí kò bá jókòó síwájú wọn gan-an.

Ẹ ka ihò HDMI, níbi tí okùn dekóda máa ń wọ̀. Kó má dín ní méjì. Ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè dé ibi tí ẹ máa ń gbé e dé nílé, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń gbọ̀n. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára páálí wé èyí tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Bí wọn kò bá bára mu, kì í ṣe inú páálí yẹn ni ó ti jáde.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwé ọjà àti ìlérí ilé-iṣẹ́

Wáráńtì ọdún kan tàbí méjì dára, ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ká àrá, iná tó pọ̀ jù àti ojú tó fọ́ mọ́ ọn. Ẹ béèrè ibi tí ilé àtúnṣe orúkọ náà wà gan-an. Láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí 80 kìlómítà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ óò gbé e lọ tí ẹ óò sì gbé e bọ̀, owó ọkọ̀ àti ewu ọ̀nà wà lọ́rùn yín. Kí wọ́n kọ orúkọ, móúdẹ̀lì àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú rìsíìtì pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rà á. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sára rìsíìtì pé ọjà tí wọ́n bá ti tà kò ṣe é dá padà, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín, nítorí pé òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà.

Àwọn kan máa ń san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n kọ́ gbogbo wa ní irú òwò yìí nígbà àwọn òṣómàáló tí wọ́n ń gbé aṣọ lọ fún àwọn ènìyàn láwìn, mi ò sì lòdì sí i. Kí ẹ ṣáà ro àròpọ̀ gbogbo owó náà, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ bá san lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: gbígbé e délé àti ìtò àkọ́kọ́

Òró ni kí ẹ gbé e, bí ó ṣe máa dúró lórí tábìlì. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú búùtù, ẹ má sì gbé ohunkóhun lé e. Oníbàárà mi kan gbé tirẹ̀ sùn sórí àga ẹ̀yìn takisí, ó fi àpò ìrẹsì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má bàa yọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Mayfair ní Ifẹ̀ níbí, ìlà dúdú mẹ́ta ti là á já, kò sì tíì tan tẹlifíṣọ̀n náà nínú ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí.

Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tàn án, yóò bi yín bóyá ilé ni ẹ wà tàbí ilé ìtajà. Ẹ yan ilé. Èyí tó jẹ́ ti ilé ìtajà máa ń tan báàkìláìtì dé góńgó láti lè fa ojú ẹni tó ń kọjá lọ, gílóòbù tó bá sì ń gbóná báyẹn lójoojúmọ́ kì í pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú ètò àwòrán, kí ẹ fa báàkìláìtì wá sí nǹkan bí ìdajì. Ojú yín yóò mọ́ ọn lára láàárín ọjọ́ méjì. Èmi tí mo ń tú wọn ni mo ń sọ ọ́: nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe fún tẹlifíṣọ̀n láìná kọ́bọ̀, n kò mọ èyí tó ń pa á mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní àsìkò òjò, bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, ẹ yọ okùn iná rẹ̀ àti okùn díṣì tàbí eriali. Pípa á pẹ̀lú rìmóòtù nìkan kò tó, nítorí pé àrá máa ń gba okùn díṣì wọlé.

Kí ẹ tó kàn án mọ́ ògiri, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ìwé kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí móúdẹ̀lì, fóltéèjì àti wáàtì wà, nítorí pé ọwọ́ kò ní dé ibẹ̀ mọ́. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní ọjọ́ tí ó ra òmíràn. 100–240V ni. Mo mọ báàkìláìtì rẹ̀, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.